Dísìkì Bíréèkì Tí Gbogbo Wọn Ń Tọrọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Awakọ̀ Ìgànná sí Ìséyìn ni mí. Páàdì bíréèkì mi ló jẹ tán, irin wá ń ha irin, ó gbẹ́ poro bí ti oko ẹ̀gẹ́ sára dísìkì, àwo irin tí bíréèkì ń fún mú, ní ẹsẹ̀ iwájú kan. Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ méjèèjì, mo kọ̀ jálẹ̀, ìkejì ṣì dáa lójú mi. Ni Áfà àdúgbò wa bá tọrọ èyí tó bàjẹ́, wọ́n fẹ́ fi ṣe agogo ilé kéwú. Bàbá ìyàwó mi, ọdẹ paraku, náà tọrọ ẹ̀ fún ojúbọ Ògún. Ta ni kí n ṣẹ̀? Mo bá pààrọ̀ méjèèjì, mo fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ wá ń dúró jẹ́ẹ́!

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: lánàá, pásítọ̀ tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn fọ́ wá kí mi, ojú wọn ò kúrò lára táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ mi.