Rìmóòtù tuntun àti eyín Sùlè

Sátidé, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gíríbì

Rìmóòtù ilé wa ti gbó, ìdí bírò ni Bàámi fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rán mi lọ sí Àpòmù kí n ra èyí tó ń bá gbogbo tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́.

Gbogbo tẹlifíṣọ̀n! Ohun tó kó bá mi nìyẹn. Bí mo ṣe padà dé Ìkirè, mo yọjú lójú fèrèsé ilé tí Sùlè ọ̀rẹ́ mi ti ń fi bọ́ọ̀lù han èèyàn. Wọ́n fẹ́ gbá pẹnáritì. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa, tẹlifíṣọ̀n kú.

Mo rò pé wọ́n á kàn bú u ni, kí n sì tan án padà...

"Sùlè, o mọ̀ pé wọ́n máa gbá a wọlé yín lo ṣe pa á!"

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kàn án!"

Wọ́n gbé e lulẹ̀, wọ́n ń ta á nípàá. Ẹnì kan gbé bẹ́ǹṣì, ó là á mọ́ ọn lẹ́nu. Mo wá bọ́tìnnì yẹn títí, mi ò rí i tẹ̀ mọ́. Ni mo bá sín ohùn bàbá Sùlè jẹ láti ojú fèrèsé, ọdẹ tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù: "Ìbọn mi dà? Ta ló ń lu ọmọ mi?" Wọ́n tú ká.

Eyín méjì ló bọ́ sílẹ̀. Sùlè tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó ní, "Bàámi wà l'Órílé-Òwu, mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ìwọ lo gbà mí. Bá mi wá ẹni tó pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, màá gé e lọ́wọ́."

Rìmóòtù wà lápò mi. Mo ní màá bá a wá a.

Mi ò tíì lè jẹun. Bàámi ń tẹ rìmóòtù wọn ní pálọ̀. Wọ́n ní ó dáa, pé kò gba agbára rárá.