Ẹ̀rọ Wáìfáì Tó Wà Ní Yàrá Àkọ́bí Wa

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìtùnú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Àkọ́bí wa ló kan ẹ̀rọ Wáìfáì mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Nígbà tọ́mọ náà kú, bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa. Àbúrò rẹ̀ wá ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn kàwé, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì dé. Oníṣẹ́ fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà wá sí pálọ̀. Owó rẹ̀ ò ju ti dátà ọ̀sẹ̀ kan lọ, mo ti yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ọkọ mi ní, "Ìyá wọn, ohun tọ́mọ mi fọwọ́ ara ẹ̀ kàn, ta ló fẹ́ tú u?"

Mi ò bá a jà. Èmi náà ò tíì lè wọbẹ̀.

Ẹ̀yin tírú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ta ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn nílé yín, bàbá ni àbí ìyá?