Gàrí Kuta Tí Mo Bà Lórúkọ Jẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara gbogbo wa le, a sì ti tún òrùlé yàrá yín tó ń jò ṣe. Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe ń gbọ́ ìròyìn ní ilé iṣẹ́ rédíò kan, tí ẹ ó tún yí i sí òmíràn kí ẹ tó gbà á gbọ́. Yẹ̀yẹ́ ni mo fi ń ṣe nígbà náà. Kí ló dé tí mi ò bi yín nídìí rẹ̀?

Iṣẹ́ tíṣà náà ni mo ṣì ń ṣe ní Ìwó. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí wọ́n ṣe lè dá irọ́ mọ̀ nínú ìròyìn orí fóònù. Wàhálà wọn ni pé àwọn àgbà ló ń fi í ránṣẹ́ sí wọn; ta ni yóò bi àgbà pé níbo ló ti gbọ́ ọ? Mo ní kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n tó bèèrè, torí ẹni tó kúnlẹ̀ kò ṣàfojúdi. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé, díákónì àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fi àwòrán kan sórí Wásáàpù pé gàrí tí wọ́n ń din ní Kuta, nítòsí wa níbí, ti pa ìdílé kan. Nítorí pé àgbà ni wọ́n, mi ò bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo òbí àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ má bínú, mà. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ gàrí yẹn fún yín?"

Kí n má parọ́ fún yín, inú kọ́kọ́ bí mi. Ó wá fi hàn mí pé àwòrán náà ti pẹ́, pé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti yà á, ọ̀rọ̀ gàrí kò sì sí níbẹ̀ rárá. Mo jẹ́wọ́ fún kíláàsì, mo kọ̀wé sí àwọn òbí. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lánàá mo lọ sí Kuta, lọ́dọ̀ Àǹtí, àbúrò yín tó ń din gàrí. Àpò gàrí kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, oníbàárà kan ò sì wá láti Sátidé náà. Ojú tì mí, Bàbá. Mo kúnlẹ̀, mo sọ pé èmi wà lára àwọn tó tan irọ́ náà kálẹ̀. Àǹtí ò bá mi jà. Wọ́n kàn bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ́kọ́ pe àwọn.

Nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù tí mo fi rán irọ́ náà.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ gidigidi.