Ẹkún Àṣàbí Lórí Ìtàgé

Èmi Olúwafúnkẹ́mi, ayálégbé Bàbá ní Dópẹ̀mú, ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Bàbá ló ń sọ ọ́, nítorí wọn kò mọ̀wé.

Àlàmú ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti sàn díẹ̀.

Kaothar ọmọ rẹ wà nínú eré ìtàgé kan n'Ìkẹjà, ìtàn Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n sọ di ti Yorùbá. Òun ni ọmọbìnrin tí ọba sin láàyè torí pé ó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oríkì tirẹ̀ gan-an, Àṣàbí, ni wọ́n fi ń sunkún òkú náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fún wọn. Mo bá a wí. Ó ní, "Bàbá àgbà, eré ni." Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ikú?"

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò lè jẹun. Jọ̀ọ́, pè é kó tó di Sátidé. Bí ẹkún náà bá gbọ́dọ̀ ní oríkì, Àkànní, oríkì tèmi, ni kí wọ́n máa pè. Èmi ti gbó. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin sí.

Àtàǹpàkò Bàbá Àlàmú rèé.
Ẹlẹ́rìí: Shuaib aránṣọ, àti Sùlíyá aládùúgbò wa.