Olómi Ń Sáré Jù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Ẹrẹ́nà

Àǹtí Sayra fẹ́ ta maṣíìnì ìránṣọ wọn. Wọ́n sọ ọ́ nídìí oúnjẹ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán. Ìyá Azat tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ni yóò rà á, yóò sì wá gbé e kí ọdún Nooruz tó dé. (Nínú ìwé yìí, Ìyá Mo-ti-wí ni mo ń pè wọ́n. Kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní Bishkek tí wọn kò ní sọ pé àwọn ti wí i tẹ́lẹ̀.)

Wọ́n ṣubú nígbà òtútù, lórí yìnyín ẹnu ọ̀nà, ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún wọn sì dá. Dókítà ní egungun ti jinná, ìka ló kù tó ń le — kí wọ́n máa lò ó, kí wọ́n má dá a sí. Ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà pé kí wọ́n máa fún un. Ológbò ló ń lo bọ́ọ̀lù náà báyìí.

Ọwọ́ yẹn ló rán gbogbo aṣọ tí mo wọ̀ lọ síléèwé. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó. Wọn kì í wo abẹ́rẹ́ rárá. Ibi tí aṣọ ti ń bọ̀ ni wọ́n máa ń wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Mo ti ra Àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rọ géèmù ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ṣùgbọ́n gbogbo géèmù ayé Dendy lè wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, èyí tí Àǹtí fi dàgbà. Ẹni tó tà á fún mi ló sọ̀rọ̀ káàdì mẹ́mórì tó bá a wá: "Àbúrò, yọ ọ́ kó tó yọ ẹ́ lẹ́nu." Mo yọ ọ́, mo fi tuntun sí i, mo da géèmù sínú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà.

Wàhálà: mi ò rí Olómi, géèmù tí Àǹtí fẹ́ràn jù. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwòrán ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà náà, irọ́ pátápátá. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi Maksat léèrè, ní Moscow. Ó ní ọkùnrin kan ni, ó gbé garawa omi, ó ń fò láti òrùlé dé òrùlé, iná ń lé e. Mo ń ṣí àwọn géèmù náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí iná fi ràn nínú ọ̀kan.

Ọjọ́rú, 8

Ọjọ́ àwọn obìnrin. Mo gbé Àtẹ́lẹwọ́ fún Àǹtí pẹ̀lú òdòdó pupa-rúsúrúsú. Wọ́n rẹ́rìn-ín — àkọ́kọ́ láti ìgbà yìnyín. Bàbá sọ ọ́ di ìtàn: bí bàbá wọn ṣe fi àgùntàn kan ṣe pàṣípààrọ̀ Dendy, bí Sayra ọmọ ọdún méjìlá ṣe dé ilé kẹsàn-án nínú Olómi tí ọkùnrin kankan ní àgbàlá kò dé. Àwọn ọmọkùnrin a gbé boorsok, ìyẹ̀fun díndín, wá ní gbígbóná kó lè bá wọn kọjá ilé keje. "Owó-orí ni wọ́n ń san," Àǹtí wí.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ilé kejì. Ibẹ̀ ni Àǹtí kú sí nínú géèmù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún kú síbẹ̀. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, Olómi á ti já sínú iná.

Wọ́n dojú ẹ̀rọ náà dé sórí tábìlì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n ní Olómi ń sáré jù. Wọ́n wá wo ọwọ́ wọn.

"Rárá. Èmi ni mo ń falẹ̀. Adákẹ́, ọwọ́ yìí ti lọ."

(Adákẹ́ ni wọ́n ń pè mí.) Wọ́n tẹ Ìyá Mo-ti-wí láago pé kí wọ́n wá gbé maṣíìnì ní Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀bùn tèmi ló jẹ́rìí takò wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Wọn kò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bọ́tìnnì fífò àti ti dída omi ti gba ipò ara wọn — mo pààrọ̀ wọn. Ìyẹn kọ́. Èmi tí mi ò gbá géèmù rí dé ilé kẹta. Ẹ̀rù bà mí. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ náà ni lóòótọ́ ńkọ́?

Ìyá Mo-ti-wí wá fojú wọn maṣíìnì. Wọ́n ní àwọn ti wí pé bàtà yẹn kì í ṣe bàtà yìnyín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Àǹtí ń fọwọ́ òsì lọ aṣọ, wọ́n ń fi imú kọ orin Olómi. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ń kọ ọ́. Mo ṣí Àtẹ́lẹwọ́ nínú yàrá, mo rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó parí orin náà, ó tún bẹ̀rẹ̀; Àǹtí ṣì wà ní ìlà ìkẹyìn.

Ó lè jẹ́ áyọ́ọ̀nù ló fà á. Mo ní kí Maksat fi imú kọ orin Olómi ránṣẹ́ sí mi. Ó bi mí bóyá ibà ń ṣe mí. Ó kọ ọ́ ṣá. Mo gbé ohùn rẹ̀ dání dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná — òun àti Àǹtí jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n jọ parí.

Ẹni méjì, ìlú méjì, ìyára kan náà. Kì í ṣe ọwọ́.

Ọjọ́rú, 15

Mo ti rí i. Ẹ̀rọ ti Japan máa ń fi ọgọ́ta àwòrán hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Dendy tiwa, nítorí irú tẹlifíṣọ̀n ìhín, àádọ́ta ni. Géèmù kan náà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ó ń rọra. Gbogbo ọmọ apá ibí dàgbà sínú ìrọra yẹn, wọn ò mọ̀.

Inú Àtẹ́lẹwọ́, níbi tí wọ́n ti ń to nǹkan: Japan àti Amẹ́ríkà, Yúróòpù, lẹ́yìn náà — Dendy. Tiwa. Ẹnì kan tí mi ò ní mọ̀ láéláé jókòó, ó rántí wa, ó fi wá síbẹ̀. Mo wò ó pẹ́. Mo kí ẹni náà lọ́kàn mi, mo tẹ Dendy.

Olómi wá ń rìn bí ẹni tó jẹun yó.

Àǹtí ní kí n gbé e kúrò nídìí tíì àwọn, àwọn ti rí tiwọn. Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, orin rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ gbọ́."

Ife dúró lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló bá a sọ̀rọ̀?"

Ọjọ́bọ̀, 16

Ilé karùn-ún. Àtàǹpàkò wọn wú, a fi omi gbígbóná jó o. "Ìka ń dùn mí," bí ẹni ń ròyìn ọmọ tuntun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Ilé keje. Wọn kì í wo Olómi. Òrùlé tó ń bọ̀ níwájú ni wọ́n ń wò. Mo mọ ojú yẹn.

Mo ṣàlàyé ọgọ́ta àti àádọ́ta fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti bú ọwọ́ àwọn lásán nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé títa. Géèmù ni géèmù, wọ́n ní. Maṣíìnì kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Ìyá Mo-ti-wí dé pẹ̀lú ọkọ ọmọ wọn, àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò fi wé maṣíìnì.

"Ẹ jókòó, Ìyá Azat," Àǹtí wí láìgbójú sókè. "Ilé ń jó."

Ilé kẹsàn-án ni. Gbogbo wa dúró. Olómi kú sí òrùlé tó kẹ́yìn, Àǹtí sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó borí. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo abẹ́ maṣíìnì. Bọ́tìnnì roboto kan wà níbẹ̀, eruku ti bò ó. Òun ló ń darí eré maṣíìnì; láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, orí eré tó yá jù ló wà.

"Adákẹ́, èyí náà ní àádọ́ta tiẹ̀, àbí?"

Wọ́n yí i wálẹ̀. Wọ́n fa bùláńkẹ́ẹ̀tì náà kúrò lápá Ìyá Azat, nítorí etí aṣọ náà kan ti ya. Ó ṣe díẹ̀ kí òwú tó wọ ojú abẹ́rẹ́. A ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Maṣíìnì bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ jẹ́jẹ́, mo gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn wà níbi tí aṣọ ti ń bọ̀.

Wọ́n gé òwú. Wọ́n ká a, wọ́n dá a padà.

Ìyá Azat yẹ ojú rírán náà wò, wọ́n yí i, wọ́n tún yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó tọ́ gbọọrọ. Wọ́n kọjú sí ọkọ ọmọ wọn.

"Ṣé mi ò wí? Mo ti wí fún ẹ nílé pé kò ní tà á."