Ìṣápá Tí Kò Ní Ṣúgà

Ìwọ̀-Oòrùn Odò,
Aswan.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Nabra, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù etí òkun Alẹsandíríà. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nítorí ìdúró lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ti fúyẹ́? Àwa náà wà láàyè, Alihamudu lilahi. Bàbá rẹ kí ọ láti Kùwéètì. Wọn kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, jọ̀ọ́, má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí èmi tó sọ fún wọn.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Èmi gan-an ò lè jókòó. Láti Jímọ̀ ni mo ti ń rìn káàkiri ilé bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Mo gbé ìṣápá kaná láàárọ̀ yìí, mo gbàgbé rẹ̀, ó hó dànù, ó sọ gbogbo sítóòfù di pupa. Mo nù ún, mo gbé òmíràn kaná, ìyẹn náà tún hó dànù. Ǹ bá ti pè ọ́ lórí tẹlifóònù, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù Fikri nìkan ni tẹlifóònù wà, etí Fikri sì gùn ju wáyà rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ Khayri ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, ọmọ Àlájà Shaya tó wà lódìkejì odò. Nígbà tí o wálé fún ìtúnu ààwẹ̀, mo bi ọ́ nípa rẹ̀. O ní, "Màmá, mi ò sọ pé mo fẹ́, mi ò sì sọ pé mi ò fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mi ná." Mo sì ṣèlérí fún ọ pé kò sẹ́ni tí yóò bá ọ jẹ́ hẹn lẹ́yìn rẹ. Ìlérí yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn báyìí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àlájà Shaya àti Khayri sọdá wá kí wa. Oòrùn ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Èmi kò sí nílé, orí òrùlé ìyàwó Fikri ni mo wà, mò ń bá a sá ìṣápá. Ìyá Àgbà rẹ nìkan ni àlejò bá. Ìyá Àgbà fẹ́ se tíì, epo sítóòfù ti tán. Àlejò ń làágùn, Ìyá Àgbà sì rántí ìṣápá tí wọ́n ti rẹ sínú omi àmù láti àṣálẹ́, èyí tí wọ́n máa ń mu ní tútù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n bù ú sínú àwọn ife olómi góòlù yẹn, wọ́n gbé e síwájú àlejò, àwọn fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ fẹnu kàn án.

Mo mọ̀ pé o ti káwọ́ lérí níbẹ̀. Ìṣápá tútù fún ẹni tó ń wá ìyàwó! Tíì ni à ń fún wọn, tíì lónìí, tíì lọ́la, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yé tọ̀tún-tòsì. Ọjọ́ tí àgbà ilé bá gbé ìṣápá tútù jáde ni a fọmọ fún wọn. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní etí odò yìí?

Orí òrùlé ni mo ti gbọ́ tí Àlájà Shaya ń fi ahọ́n ta ìró ayọ̀. Mo sáré délé láìwọ bàtà, ọwọ́ mi pupa fòò. Àwọn ará àdúgbò ti ń rọ́ wọlé. Obìnrin náà dì mọ́ mi, ó ní a ti di àna. Khayri dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń wo ilẹ̀.

Mo gba ife ọwọ́ ìyá rẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Kíkan! Kò sí ẹyọ ṣúgà kan níbẹ̀. Ayọ̀ mi pọ̀. Mo ní ìṣápá àna gbọ́dọ̀ ní ṣúgà, èyí kì í ṣe òun, oògùn ìyá ọkọ mi ni, a kì í fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fọmọ fọ́kọ. O mọ ohun tí Àlájà Shaya sọ?

"Ìyá Nabra, a mu ún ní kíkan, a ò sì fajú ro. Bí ọmọ yín dùn, bí ó kan, a ti gbà á bẹ́ẹ̀."

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà ni abúlé ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ife ni kókó, àwọn kan ní ṣúgà ni. Àlájà Shaya ní àwọn ń mú òrùka bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Mo bínú sí Ìyá Àgbà, mi ò ní purọ́. Mo ń dì í sínú, títí di àná tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò bu omi lásán fún àlejò. Wọ́n ń ṣa pàǹtírí kúrò lára ìṣápá, wọn kò gbójú sókè.

"Ìgbà tí mo gbé e dé iwájú wọn ni mo tó rántí," ni wọ́n wí. "A kì í gbé ife padà lójú àlejò. Ìgò ṣúgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, Dahiba. Mi ò fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tèmi, wọ́n ti fi ṣúgà sí i kí n tó ti oko dé. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Nabra, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, mi ò gbọ́ ọ rí. Mo jókòó tì wọ́n, mo sunkún, mo sì tún dìde kíá, torí ìjókòó ò gbà mí.

Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀, tíì ni mo máa gbé fún wọn. Ìyá Àgbà ní àwọn fúnra wọn ló máa sọ pé ife yẹn kò tíì pé, pé ṣúgà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ara rẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ènìyàn bá sọ pé àgbà ń ṣarán, kí wọ́n máa wí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé o máa rò pé mo ti tà ọ́. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bóyá o fẹ́ ọmọ náà, kí n má lọ bà á jẹ́ fún ọ.

Mo fi ìṣápá orí òrùlé wa rán ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ sí ọ. Má sè é. Fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, rẹ ẹ́ sínú omi tútù di òwúrọ̀, kí o fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Mi ò fi ṣúgà sí i. Tọ́ ọ wò bẹ́ẹ̀ ná, kí o ronú. Bí o bá fẹ́ ẹ, wálé wá fi ọwọ́ ara rẹ po ṣúgà. Bí o kò bá fẹ́, kọ ọ́ sí mi, èmi ni yóò wọ ọkọ̀ ọmọ náà sọdá lọ wí fún ìyá rẹ̀. Ojú tó bá máa tì, kó jẹ́ tèmi.

Kí Ọlọ́run fi ọkàn rẹ balẹ̀ ju tèmi lọ. Kí ó má jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí o kò mọ̀ kádìí ayé rẹ. Ọwọ́ rẹ tí o fi ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, kò ní rọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò rí ibi jókòó,
Dahiba.

Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀: Bí mo ṣe ń lẹ àpòòwé yìí ni Khayri kan ilẹ̀kùn, òun nìkan. Kò wọlé. Ó ní, "Màmá, mo mọ̀ pé kò sí ṣúgà níbẹ̀. Ayọ̀ ìyá mi ni kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún wọn lónìí. Ẹ bá mi sọ fún Nabra pé mi ò tíì mu nǹkan kan." Mo ní kó wọlé. Mo bu tíì fún un, mo bu tèmi náà, mo sì jókòó.