Nígbà Tí Zwiesele Ní Òun Ti Mọ̀ Ọ́n Tipẹ́

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Birkenweg,
                                        München,
                                        Jámánì.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Bélú, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìtọ́jú ara. Ṣé orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín ti ń gbọ́ràn? Alois ọkọ yín ńkọ́, ṣé kò tíì já bọ́ lórí igi ápù? Èmi àti àwọn ọmọ wà dáadáa, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn níwájú mi ní kóòtù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń jà lórí ẹni tó ni ohun tuntun là ń dájọ́ fún. Ìyáàfin Roswitha Käser, ẹnjiníà kan ní Reutlingen, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n tó ń kó ẹ̀rọ agérin níjàánu. Tábìlì irin tó wúwo ju màlúù lọ ni ẹ̀rọ náà ń tì síwá sẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ fi ìbú irun orí kan kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ kó dúró. Bó bá dúró lójijì, gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n, tábìlì á ta kọjá ààyè. Ọgbọ́n obìnrin yìí ni pé kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa wọn bí ara rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, kó sì ti máa fa tábìlì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kó tó débẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Dietmar Zwiesele, tó ní ilé-iṣẹ́ ńlá nítòsí wọn, gba ìwé tirẹ̀ lórí ohun tó jọ ọ́, ó ní àfikún tòun ló jinlẹ̀. Ó fẹ́ kí á fagi lé ti Käser, nítorí ohun tó ti hàn sí gbogbo oníṣẹ́ kò lè di ti ẹnì kan. Òfin gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì fagi lé e, ilé-iṣẹ́ kékeré Käser parí nìyẹn.

Ẹ mọ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní Swabia, agbègbè tiwa. Bí ẹlòmíràn bá ṣe ohun tó dára, wọn kì í yìn ín. Wọ́n á ní àwọn ti ń ṣe é tipẹ́. Zwiesele dìde, ó nàka sí obìnrin náà.

"Ṣé èyí náà lẹ fi ń yan fanda? Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó wọlé lánàá mọ̀ ọ́n! Lọ́dọ̀ tèmi, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tá a ti mọ̀ ọ́n."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́," ni Käser fèsì. "Ẹ̀rí dà?"

Àwọn ẹ̀rí tí Zwiesele ti kó sílẹ̀ kò tó nǹkan, ló bá pe Ottmar wọlé, olórí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀. Apá òsì nìkan ni Ottmar ní. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tábìlì ẹ̀rọ Zwiesele kan ta kọjá ààyè, ó lọ apá ọ̀tún rẹ̀ mọ́ irin títí dé ìgúnpá. Zwiesele sọ fún un nígbà náà pé àmúwá Ọlọ́run ni, kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá sí i.

"Ottmar, sọ fún wọn," ni ọ̀gá rẹ̀ wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ṣé a ò ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá tábìlì ẹ̀rọ dúró tipẹ́?"

Ottmar ń wò ó. "Ọ̀gá, ẹ ti mọ̀? Kí ẹ̀rọ tó gbà mí lápá?"

Wèrè ọkùnrin náà ṣì ń pariwo: "Tipẹ́tipẹ́ ni mo wí!"

Ẹ̀ṣẹ́ òsì yẹn bà á lẹ́nu gbàù. Ó ṣubú lu àga, eyín rẹ̀ kan fò sórí tábìlì mi. Ottmar gun ikùn rẹ̀, ó ń lù ú, ó ń lọgun: "O mọ̀! O mọ̀, o sì jẹ́ kó lọ̀ mí bí àgbàdo!" Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ló fà á kúrò. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi nínú, èmi tí mo jókòó bí adájọ́.

Nígbà tí ara rọlẹ̀, alága àwa adájọ́ bi Zwiesele bóyá ó ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Agbẹjọ́rò rẹ̀ tètè sọ nǹkan sí i létí, torí bó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ọ̀ràn apá Ottmar wà. Ó nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, kò wo ojú Ottmar. Ó ní: "Rárá. Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Bí Käser ṣe jàre nìyẹn. A kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé ọgbọ́n náà kò hàn sí ẹnikẹ́ni kó tó gbé e jáde.

Ẹ bá mi kí Alois, kí ẹ sì bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ-ọmọ yín lórí. Ẹ gbàdúrà fún mi pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń mú Ottmar lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé èwo la gbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ méjì tí ọ̀gá òun sọ, ti àkọ́kọ́ àbí ti ìkẹyìn. Mo dorí kodò, mo fọwọ́ sí ìwé ìdájọ́ náà.

Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,

Irmengard.